Káàdì Àjọ Màmá Mi

Létà iṣẹ́ méjì wọlé sórí fóònù mi láàrin ọjọ́ mẹ́rin. Ọ̀kan wá láti Ìlúpéjú l'Ékòó, èkejì wá láti Olúyọ̀lé n'Íbàdàn. Fún ọdún kan àti oṣù márùn-ún ṣáájú ìgbà náà, ẹnikẹ́ni ò dá mi lóhùn. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní kẹ́mísírì ní ilé ìwé aládàáni kan nílé, ní Ìjẹ̀bú-Òde, mo ń bá màmá mi yan gaàrí nírọ̀lẹ́, mo sì ti ń gbà fún ara mi díẹ̀díẹ̀ pé ìwé ẹ̀rí ìmọ̀ oúnjẹ tí mo gbà ní yunifásítì iṣẹ́ ọ̀gbìn l'Ábẹ́òkúta, ìsàlẹ̀ àpótí ni yóò máa gbé. Àfi bí òjò ṣe rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹni tó bá mọ ìlú wa á mọ̀ pé a ní gáréèjì Èkó, a sì ní gáréèjì Ìbàdàn. Èyí tó o bá gbà lọ láàárọ̀ ló máa sọ ibi tó o máa sùn lálẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni ọkàn mi fi ń rìn láàrin gáréèjì méjèèjì. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí nítorí ẹ̀yin tí ẹ wà ní irú ìkóríta bẹ́ẹ̀, pàápàá ẹ̀yin tí ibi iṣẹ́ ti jẹ lówó rí tí ẹ ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti owó. Ìbàdàn ní ₦280,000 lóṣù. Ìlà kan ṣoṣo ni wọ́n fi kọ ọ́. Èkó ní ₦300,000, àmọ́ wọ́n tú u palẹ̀: owó iṣẹ́ gan-an ₦120,000, owó ilé ₦75,000, owó ọkọ̀ ₦45,000, àwọn nǹkan kéékèèké yòókù ₦60,000. Gbogbo ẹni tí mo fi hàn ló ní ọ̀rọ̀ ti tán. Kí ni ogún ẹgbẹ̀rún fẹ́ ṣe fún èèyàn l'Ékòó, láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lọ́dún 2023 tí owó ọkọ̀ ti di nǹkan mìíràn? Ọ̀rẹ́ mi kan ń gbé n'Íbàdàn, kò jìnnà sí Olúyọ̀lé, ó ní yàrá kan ṣófo lọ́dọ̀ òun, mi ò ní san kọ́bọ̀ títí màá fi fẹsẹ̀ múlẹ̀. Àbúrò bàbá mi sọ pé Ìbàdàn tó ń gba onílé tó ń gba àlejò ni kí n lọ, pé Èkó á kàn fa ẹ̀jẹ̀ mi gbẹ ni. Ìṣirò wọn ò burú. Èmi náà ṣe é lórí ìwé, Ìbàdàn ló sì ń borí.

Ìbàdàn ni mo lọ wò, torí mo ti rí ti Èkó kí létà wọn tó dé. Mo wọkọ̀ ní gáréèjì, a gba ọ̀nà Ìdí-Ayùnrẹ́, kó tó di aago mẹ́wàá mo ti débẹ̀. Mo fẹ́ràn ibẹ̀. Ọgbà náà mọ́ tónítóní, àwọn obìnrin tó ń di bisikíìtì sínú páálí ń kọrin jẹ́jẹ́, ọ̀gá fúnra rẹ̀ jáde wá pàdé mi lẹ́nu géètì. Àgbàlagbà ni, ó ti tó bàbá mi. Nígbà tó gbọ́ pé ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti mọ̀ pé mi ò ní ṣòfò nǹkan ilé iṣẹ́. Wọ́n gbé àmàlà, ewédú àti gbẹ̀gìrì síwájú mi, ó sì jókòó tì mí títí mo fi jẹun tán. Yàrá àyẹ̀wò wọn kéré, òṣùwọ̀n kan, ààrò iná kan àti kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n tì pa ni mo rí níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn ò bà mí lọ́kàn jẹ́. Bó ṣe ń sìn mí jáde ló sọ ọ́: “Ọmọ mi, fọkàn balẹ̀. Ẹbí la jẹ́ níbí.”

Àyà mi já. Mo dúpẹ́, mo kúnlẹ̀, mo jáde, ṣùgbọ́n títí mo fi délé ni àyà mi ò balẹ̀. Yorùbá ní ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, á sá. Mo ti gbọ́ gbólóhùn yẹn rí.

Ibi iṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ ṣe lẹ́yìn àgùnbánirọ̀ ni. Mi ò ní dárúkọ wọn, mi ò sì ní sọ ìlú tí wọ́n wà. Ọjọ́ tí mo débẹ̀, ọ̀gá pátápátá fọwọ́ gbá mi léjìká, ó ní àwọn ò gba òṣìṣẹ́, ọmọ làwọn ń gbà. Inú mi dùn débi pé mi ò ka létà náà dé ìsàlẹ̀ kí n tó fọwọ́ sí i. ₦90,000 ni owó oṣù mi nígbà yẹn. Oṣooṣù ni ìwé owó oṣù ń fi hàn pé wọ́n yọ ₦5,600 fún owó ìfẹ̀yìntì, mo sì máa ń wo ìlà yẹn, mo máa ń rò pé ọjọ́ alẹ́ mi ni wọ́n ń bá mi tọ́jú. Oṣù mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo lò lọ́dọ̀ wọn. Ìgbà tí mo ń múra àtikúrò ni mo tó pe ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì mi pé kí wọ́n fi àkọsílẹ̀ ránṣẹ́ sí mi.

Oṣù mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Oṣù mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n yòókù ò sí níbì kankan. Tí ẹ bá ṣírò ₦5,600 lọ́nà mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, ₦151,200 ni, owó tèmi nìkan nìyẹn o, tí wọ́n yọ lára òógùn mi, ká má tíì ka èyí tó yẹ kí àwọn náà fi kún un.

Mo wọlé lọ bá ọ̀gá. Ó wò mí bí ẹni pé mo ṣẹ̀ ẹ́. Ó ní, “Ṣé irú ọ̀rọ̀ tí ọmọ ń bá bàbá rẹ̀ sọ nìyí?” Ẹ̀yin èèyàn mi, mo kúnlẹ̀, mo tọrọ àforíjì. Èmi tí wọ́n jẹ lówó ni mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹni tó jẹ mí lówó! Mo kí gbogbo ilé, mo gbé báàgì mi, mo sì jáde. Títí di òní, owó náà ò tíì wọlé.

Ohun tí mi ò mọ̀ nígbà yẹn ni mo fẹ́ kí ọmọ ilé ẹlòmíràn mọ̀. Òfin owó ìfẹ̀yìntì tí wọ́n ṣe lọ́dún 2014, tó rọ́pò ti 2004, là á kalẹ̀ kedere. Wọ́n á ro owó iṣẹ́ gan-an, owó ilé àti owó ọkọ̀ pọ̀. Òṣìṣẹ́ á mú ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ sílẹ̀, ilé iṣẹ́ á mú ìdá 10 sílẹ̀. Láàrin ọjọ́ iṣẹ́ 7 tí wọ́n bá ti san owó oṣù, owó náà gbọ́dọ̀ ti dé ibi tó ń lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìtanràn wà lórí rẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ dín ní ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún owó náà fún oṣù kọ̀ọ̀kan tó bá fi pẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní létà tó kọ gbogbo owó sójú kan náà ṣòro kà. O ò mọ èwo ni owó ilé, o ò mọ èwo ni owó ọkọ̀, o ò wá ní mọ iye tí wọ́n ń ṣírò ìdá 8 rẹ lé lórí.

Ọjọ́ kejì tí mo ti Ìbàdàn dé, mo jókòó sí ẹ̀yìnkùlé nírọ̀lẹ́ nígbà tí alájọ Màmá gun ọ̀kadà rẹ̀ wọlé. Mo ti rí i lẹ́gbẹ̀rún ìgbà, mi ò wò ó rí. Màmá mi ò kàwé kọjá ìwé kẹta. Ẹgbẹ̀rún kan náírà ni wọ́n ń dá lóòjọ́. Wọ́n yọ káàdì wọn láti abẹ́ ìró, etí rẹ̀ ti rọ̀ bí aṣọ, epo ti ta sí i lára. Wọ́n na káàdì náà sí i lọ́wọ́ òsì, owó wà lọ́wọ́ ọ̀tún, wọ́n ká a mọ́ àárín ìka méjì. Ọwọ́ ọ̀tún náà ò lọ. Alájọ yọ bírò létí, ó fàlà sínú àpótí ọjọ́ náà, ó yí káàdì sí Màmá kí wọ́n rí i. Wọ́n wò ó. Nígbà náà ni ìka méjèèjì tú, tí owó sì kọjá. Ní gbogbo àkókò yìí, wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ tó fẹ́ ṣègbéyàwó, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ọdún kẹrìndínlógún rèé tó ti ń gba àjọ Màmá. Ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí a sin bàbá mi, òun ló pín omi fún àlejò. Tóṣù bá parí, á yọ owó ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ rẹ̀, á ka ìyókù sí wọn lọ́wọ́. Kò tíì dín ní náírà kan rí, síbẹ̀ Màmá ò tíì tú ìka rí kó tó fàlà.

Ẹnìkan lè sọ pé ìwé kíkọ ló ń fọkàn èèyàn balẹ̀. Mi ò rò bẹ́ẹ̀. Gbogbo wa la mọ bí àwọn àgbà ṣe ń yin ọlọ́pọlọ pípé: “Orí rẹ pé bíi ti alájọ Ṣómólú.” Ọmọ Ìjẹ̀bú ni alájọ yẹn, wọ́n sì ní ó ń gba àjọ lọ́wọ́ èrò rẹpẹtẹ láìkọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, kò sì ṣi owó ẹnì kan san fún ẹlòmíràn. Ibi iṣẹ́ mi àkọ́kọ́ ń kọ ọ́ sílẹ̀ lóṣooṣù ní tiwọn, ìwé náà ṣì wà lọ́wọ́ mi, síbẹ̀ irọ́ ló wà níbẹ̀. Ohun tí mo rí lára alájọ Màmá nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni pé kì í bínú. Fún ọdún mẹ́rìndínlógún, ó ń dúró kí obìnrin kan wo káàdì dáadáa, kò sì bi í rí pé ṣé o ò fọkàn tán mi ni.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo kọ ìbéèrè ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ méjèèjì. Ọ̀rọ̀ kan náà ni mo kọ sí wọn. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n lè fi ẹ̀rí owó ìfẹ̀yìntì tí wọ́n san fún òṣìṣẹ́ lóṣù tó kọjá hàn mí, kí wọ́n bo orúkọ. Mo bi wọ́n iye oṣù tí wọ́n fi ń dán èèyàn wò, bí iṣẹ́ alẹ́ ṣe rí, ẹni tó ń gbé èèyàn lọ sílé lóru, àti ìdí tí ẹni tó wà lórí àga náà tẹ́lẹ̀ fi kúrò. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Mo rò pé àwọn méjèèjì máa gba iṣẹ́ wọn padà.

Ọ̀gá Ìbàdàn fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ó gùn tó ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ó kí màmá mi, ó ṣàdúrà fún mi, ó ní orí tó gbé mi dé ọ̀dọ̀ àwọn ò ní padà lẹ́yìn mi. Ó wá ní, “Ọmọ mi, ṣé owó lò ń wá ni àbí iṣẹ́? Tó o bá dé, a ó jọ jókòó, a ó yanjú gbogbo rẹ̀.” Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbọ́ ohùn náà. Mo wá ìdáhùn kan ṣoṣo nínú rẹ̀, mi ò rí i. Mi ò sọ pé èèyàn burúkú ni o. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó ń san owó òṣìṣẹ́ rẹ̀ pé pérépéré. Ó fún mi lóúnjẹ, ó bọ̀wọ̀ fún mi, títí di òní tí mo bá rántí rẹ̀ inú mi ń rọ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè mi dùn ún, mo sì ti mọ ibi tí ọ̀nà yẹn ń gbé èèyàn dé: orí ìkúnlẹ̀.

Ìdáhùn Èkó gba ọjọ́ méjì. Obìnrin tó wà ní ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ló kọ ọ́, ìlà mẹ́fà, kò sí ẹ kú ìrọ́jú, kò sí àdúrà. Ó so ẹ̀rí owó ìfẹ̀yìntì mọ́ ọn, wọ́n fi dúdú bo orúkọ. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n fi ń dán èèyàn wò. Iṣẹ́ alẹ́ á máa kàn mí lọ́sẹ̀ kan nínú mẹ́ta. Ọkọ̀ ilé iṣẹ́ ń gbé èèyàn lóru dé Òjótà nìkan, ẹni tó bá kọjá ibẹ̀ á wá bó ṣe máa délé. Ẹni tó wà lórí àga náà lọ nítorí pé owó ò tó o, wọn ò sì lè ṣèlérí fún mi pé àwọn máa fi kún un lọ́dún àkọ́kọ́. Ìlà ìkẹyìn yẹn ló mú mi. Ó ti mọ̀ pé ó lè lé mi sá, ó sì sọ ọ́.

Mo ti lọ síbẹ̀ kí létà tó dé, ó sì yẹ kí n jẹ́wọ́ pé yàrá àyẹ̀wò wọn wà lára ohun tó ń fà mí. Wọ́n ní ẹ̀rọ kékeré kan tó máa ń sọ iye omi tó wà nínú oúnjẹ láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀. Mo dúró tì í bí ọmọdé tó dúró ti àwo àkàrà.

Màmá ló kù. Mi ò lè sọ̀rọ̀ náà fún wọn tààrà, mo ń yí i ká. Orúnkún ń dùn wọ́n, àbúrò mi ọkùnrin nìkan ló sì kù nílé. Alẹ́ ọjọ́ kan tí à ń yan gaàrí ni mo tó là á. Ẹ̀gẹ́ tí a lọ̀ ti lo ọjọ́ mẹ́rin nínú àpò kó tó di pé a fún un, torí gaàrí Ìjẹ̀bú tí kò bá kan, kì í ṣe gaàrí Ìjẹ̀bú. Mo mọ ohun tí ìwé sọ nípa rẹ̀: bó ṣe ń kan yẹn, tí a sì ń fún omi rẹ̀ jáde, ni oró inú ẹ̀gẹ́ ń dín kù. Ìlànà tó wà fún gaàrí lágbàáyé ni pé omi inú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kọjá ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún. Màmá ò ní ẹ̀rọ. Wọ́n bu ẹ̀kúnwọ́ kan láti inú agbada, wọ́n gbé e sókè, wọ́n jẹ́ kó dà sínú atẹ́, wọ́n tẹ́tí sí i. Ìró rẹ̀ ṣì wúwo. Wọ́n dà á padà sínú iná.

Mo ní, “Màmá, Ìbàdàn dà bí ẹni pé ó sún mọ́ yín jù.”

Wọn ò gbójú sókè. “Èkó àti Ìbàdàn, èwo ló jìn níbẹ̀? Ọkọ̀ kan náà ni.”

“Owó yẹn náà, Ìbàdàn ló máa ṣẹ́ kù jù lọ́wọ́ mi.”

“Ṣé èmi lo wá ń fi ṣe àwíjàre?” Wọ́n dá ọwọ́ dúró. “Má gbé mi lé e. Tó o bá lọ Ìbàdàn nítorí orúnkún mi, ọjọ́ tí nǹkan bá burú níbẹ̀, orúnkún mi náà lo máa bínú sí. Àwọn wo ló dá ẹ lóhùn?”

Mo ní, “Èkó ni.”

Wọ́n kọjú sí agbada wọn.

Mo pe ọ̀gá Ìbàdàn fúnra mi, mi ò fi létà ṣe é. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀, ó ní ká máa kí ara wa. Mo sunkún díẹ̀ lẹ́yìn tí mo gbé fóònù sílẹ̀. Mo ṣì ń ro ó nígbà mìíràn, àwọn obìnrin tó ń kọrin yẹn, àti yàrá ọ̀fẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi.

Ó di oṣù kẹta báyìí tí mo ti wà ní Ṣómólú, kò jìnnà sí Ìlúpéjú. Ilé gbígbà fojú mi rí màbo. Àgẹ́ǹtì àkọ́kọ́ ní owó ọdún méjì ni kí n mú wá. Mo rán an létí pé òfin ilé gbígbé tí ìpínlẹ̀ Èkó ṣe lọ́dún 2011 kò fàyè gba kí wọ́n gba ju ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Ó ní kí n lọ gbé inú òfin náà. Èkejì gba ọdún kan, ṣùgbọ́n owó àgẹ́ǹtì àti ti àgírímẹ́ǹtì rẹ̀ gbá ohun tó kù lọ́wọ́ mi lọ. Ọ̀sẹ̀ iṣẹ́ alẹ́ ń rẹ̀ mí, mo máa ń délé nígbà tí àkùkọ bá kọ́kọ́ kọ. Ká ní Ìbàdàn ni mo lọ ni, ǹ bá ti tọ́jú owó díẹ̀ pa mọ́ nísinsìnyí, àmọ́ mi ò tíì rí nǹkan kan tọ́jú. Kò sí èyí tí wọn ò kọ́kọ́ sọ fún mi nínú rẹ̀, àfi ti àgẹ́ǹtì.

Ọjọ́ iṣẹ́ kẹrin lẹ́yìn owó oṣù mi àkọ́kọ́, mo wà lójú ọ̀nà Ìkòròdú, nínú bọ́ọ̀sì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ní ìtòsí Onípànù, nígbà tí fóònù mi dún. Ilé iṣẹ́ ìfẹ̀yìntì ni. ₦19,200 láti ọ̀dọ̀ mi, ₦24,000 láti ọ̀dọ̀ wọn, ₦43,200 lápapọ̀. Mo kà á, mo tún un kà, mo fi ọwọ́ bo ojú mi kí obìnrin tó jókòó tì mí má baà rí i.

Mo pe Màmá. Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé ìdá 8 àti ìdá 10 fún wọn, ariwo kọ̀ńdọ́kítọ̀ ò jẹ́ kí wọ́n gbọ́.

Wọ́n ní, “Ṣé wọ́n ti fàlà sí káàdì rẹ?”

“Wọ́n ti fà á, Màmá.”

“Ṣé o wò ó dáadáa?”

“Mo wò ó.”

Wọ́n ní ó dáa. Wọ́n wá béèrè bóyá gaàrí tí mo gbé lọ ti tán.